Géètì Tí Ó Wà Lọ́fun Ọmọ

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dá ènìyàn dúró. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe agbowó-orí. Olùṣọ́ géètì ni, ní ìlú kékeré kan tí ojú irin ti dábùú ọ̀nà oko. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, á fa ọ̀pá géètì wálẹ̀, á gbé àsíá pupa sókè, gbogbo ayé á sì dúró. Oníkẹ̀kẹ́ á dúró, onímọ́tò á dúró, olówó á dúró ti akúṣẹ̀ẹ́. Ọba ìlú pàápàá dúró nígbà kan. Ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó ń wo ọ̀pá náà tìyanu-tìyanu, nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò nà gbalaja níwájú ọba tí kì í ṣe pé ó ń kí i. Bí ọkọ̀ bá kọjá tán, ọkùnrin náà á gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè, ayé á sì tún máa lọ. Baba Géètì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ tí ó bí gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo àkókò tí ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ ojú irin kò pa ẹnikẹ́ni ní géètì rẹ̀. Nítorí èyí, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ olùṣọ́ ṣe rí nìyẹn. Bí ó bá sùn, gbogbo ìlú á gbọ́. Bí kò bá sùn, wọ́n á ní ìjọba kàn ń bọ́ ọ lásán ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà fún àsíá rẹ̀ rí. Obìnrin kan ni, Ìyá Onígàrí, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà ní òdìkejì ojú irin. Bí ọ̀pá bá ti wálẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, obìnrin yìí á sọ agbọ̀n kalẹ̀, á tì í gba abẹ́ ọ̀pá, á sì rá pálá tẹ̀lé e.

"Ìyá Onígàrí, ẹ dúró! Ọkọ̀ ń bọ̀!"

"Kó máa bọ̀. Ṣé mo ní kó má bọ̀ ni?"

"Ẹ̀mí yín ni mò ń wí o!"

"Ẹ̀gẹ́ tèmi ni mò ń wí. Àbí bàbá rẹ ló fi ojú irin jogún fún ọ?"

Á ti kọjá kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà wọra. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọ̀gá wá láti ibi jíjìn, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀ títí wọ́n fi ṣi orúkọ rẹ̀ pè, tí wọ́n sì gbé aago ògiri kan fún un, obìnrin kan ṣoṣo tí kò dúró rí ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbàgbé láti gba àsíá. Ó kó àsíá méjèèjì relé, kò sì rí ohun tí yóò máa dá dúró mọ́. Ó dán ewúrẹ́ wò. Ewúrẹ́ kò mọ àsíá.

Ìyàwó rẹ̀, ní tirẹ̀, ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi nínú palọ̀ wọn àti yàrá tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn òbí tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ á gbé ọmọ wẹ́wẹ́ wọn wá láàárọ̀ kí ilé wọn lè sinmi. Nípa ilé ti ìyàwó náà, kò sí ẹni tí ó bèèrè. Ní ọjọ́ tí ó yọjú lójú fèrèsé tí ó rí ọkọ rẹ̀ tí ó ń bá òbúkọ jiyàn pẹ̀lú àsíá pupa, ó jáde, ó fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀.

"Baba Géètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ wa nínú ilé. Ará àdúgbò ti ń kí mi ní 'ẹ kú ìfaradà'."

Báyìí ni ó ṣe wọlé, tí wọ́n sì fi í sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ó di ọ̀sán, wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà wò.

Ọmọ kan ń sáré yí palọ̀ ká, odidi àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kan nà sílẹ̀ gbalaja, ó ń ju ẹ̀pà sí ẹnu ara rẹ̀ láti òkè. Àwọn méjì ń rẹ́rìn-ín síra wọn, ìrẹsì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ọmọbìnrin tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣiṣẹ́, Àǹtí Fàlílà, gbé ọmọ tí kò fẹ́ jẹun dùbúlẹ̀ lé itan. Ó fi ọwọ́ kan dí i nímú, ó ń fi èkejì rọ ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti rọ òun náà, àti ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń mì, ó ń sunkún, ó ń mì. Inú Àǹtí Fàlílà dùn pé oúnjẹ ń lọ.

Baba Géètì dìde lórí àga. Ohun tí ó rí ni ibi tí ọ̀nà méjì ti dábùú ara wọn, tí ọkọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀tún, tí mọ́tò ń bọ̀ láti òsì, tí géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀.

Ó mú fìlà, ó di ilé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ọ̀fun ṣe rí nínú. Nọ́ọ̀sì tí ó bá níbẹ̀ ní kí ó la ẹnu.

"Kì í ṣe tèmi. Ti ọmọdé ni."

Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ẹni tí ó ní sùúrù. Ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà méjì ni ó wà lọ́fun ènìyàn. Èémí ń gba ọ̀kan, oúnjẹ ń gba èkejì. Ìdérí kékeré kan wà láàárín wọn. Bí a bá ń gbé oúnjẹ mì, ìdérí yìí á bo ọ̀nà èémí. Bí a bá ń fa èémí, á ṣí i.

"Géètì," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Ẹni tó ni ọ̀fun ni, ṣebí òun ló ń jẹun."

"Bó bá wá jẹ́ ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Tó ń sáré? Tó ń rẹ́rìn-ín? Tí wọ́n dí nímú?"

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, níbo ni ẹ ti rí èyí?"

"Ní palọ̀ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì wá sí jẹ́lé-ó-sinmi náà. Ó kọ́ gbogbo wọn bí ọmọ ṣe ń jẹun láìséwu, ó sì kọ́ wọn ohun tí wọn yóò ṣe bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun. Ó ní bí ọmọ bá ń wúkọ́ kíkan-kíkan, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa wúkọ́, ikọ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè wúkọ́, tí kò lè sunkún, kí wọ́n má fún un lómi, kí wọ́n má fi òkèlè tì í, kí wọ́n má ki ìka bọ ẹnu rẹ̀ láti wá ohun tí ojú wọn kò rí. Kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kí wọ́n fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn dáadáa, láàárín egungun èjìká méjèèjì. Bí ìyẹn kò bá mú un jáde, ó fi ohun tí ó kàn hàn wọ́n, bí wọn yóò ṣe dúró sẹ́yìn ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan, tí wọn yóò di ìkúùkù mú lókè ìdodo rẹ̀, tí wọn yóò fà á wọnú sókè. Kí ẹlòmíràn sì máa wá mọ́tò.

Gbogbo wọn gbọ́. Àǹtí Fàlílà sunkún díẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ohun tí dídí ọmọ nímú lè fà, kò sì dí ọmọ nímú mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ó mọ sí gbígbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀. Ìrọ̀rí wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń gbá a lẹ́yìn.

"Baba Géètì! Kí ni ìrọ̀rí ṣe fún yín?"

"Ẹ̀pà ló há a lọ́fun."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ìrọ̀rí. Ó rọra pa ìlẹ̀kùn dé.

Lẹ́yìn èyí ni òfin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pà kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni gúgúrú, súìtì líle àti kóró àgbálùmọ̀. Wọ́n ń fa ẹran ya wẹ́wẹ́, wọ́n ń gé ẹyin kékeré, wọ́n ń fi ìka wá eegun inú ẹja kí ọmọ tó fi ọ̀fun wá a. Kò sí ọmọ tí yóò jẹun lórí ìrìn tàbí lórí ìdùbúlẹ̀. Gbogbo wọn á jókòó, ẹ̀yìn wọn á nà. Nígbà náà ni Baba Géètì á gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè, wọ́n á sì máa jẹ. Bí ẹnì kan bá dìde, tàbí tí ẹ̀rín bá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu kún, àsíá pupa á gòkè. Gbogbo ṣíbí á wálẹ̀, gbogbo ọwọ́ á bọ́ sórí itan, kálukú á mì èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Títí oúnjẹ á fi parí, àgbàlagbà kan á jókòó kọjú sí wọn, kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn, kò ní wo fóònù, á kàn máa wò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ní ta ni yóò lè máa jókòó lásán bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ti ṣe iṣẹ́ náà rí.

Àwọn àgbà fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àǹtí Fàlílà á ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ di ẹrù yín o, ọkọ̀ Kano ti fẹ́ gbéra." Bàbá ọmọ kan wá fi ẹjọ́ sùn pé ọmọ òun kò jẹun nílé mọ́ láìjẹ́ pé òun gbé nǹkan sókè, pé gèlè ìyàwó òun ni òun ń lò, gèlè náà kò sì ṣeé wé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọmọdé kì í kọ òfin tí ó ní àwọ̀.

Nígbà tí sáà ìwé wọlé, ìlẹ̀kùn ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Onígàrí sì wọlé. Ó ti di ìyá àgbà. Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Ìṣọ̀lá, ọmọ rogodo kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó rí ọkùnrin tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó rí àsíá.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ti ká géètì wá sílé?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Onígàrí. Kí ló wà ní ìṣẹ́tí aṣọ yín?"

"Ẹ̀pà ọmọ mi ni. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ̀pà kì í wọlé níbí."

"Ẹ̀pà tí mo fi tọ́ bàbá rẹ̀, tó ti di lọ́yà! Ọ̀fun ìdílé tiwa gbòòrò, jàre."

"Ẹ̀pà kò mọ ìdílé, ìyá."

Obìnrin náà pòṣé. Ó tú ẹ̀pà náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n bá ẹ̀pà mìíràn nínú fìlà ọmọ náà. Ní ọjọ́ kejì, inú ìbọ̀sẹ̀ ni ó wà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bá a nínú báàgì, lábẹ́ ìlédìí, níbi tí kò yẹ kí a ti bá oúnjẹ. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń tú ọmọ yẹ̀wò. Ó mọ̀ pé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tún ń tì gba abẹ́ ọ̀pá.

Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, ìyàwó rẹ̀ múra àpèjẹ Kérésìmesì fún àwọn ọmọ. Kì í ṣe àpèjẹ lásán. Ọ̀gá kan láti ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá wo ilé náà. Ẹnu rẹ̀ ni yóò sọ bóyá jẹ́lé-ó-sinmi náà yóò gba ìwé àṣẹ tàbí wọn yóò tì í pa. Gbogbo ohun tí obìnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ wà lórí ọjọ́ kan yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wá bá ọkọ rẹ̀.

"Baba Géètì, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bá mi fi àsíá pamọ́."

Ọkùnrin náà fa àsíá méjèèjì mọ́ra.

"Lónìí nìkan ni. Bí ọ̀gá bá dé tó bá àsíá rélùwéè lórí oúnjẹ ọmọdé, kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ọkọ̀ ojú irin kì í mọ 'lónìí nìkan'."

"Ẹ jẹ́ kí àlejò jẹun tán kí wọ́n máa lọ. Nítorí Ọlọ́run."

Omi wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà gbà. Ó wọ yàrá, ó ká àsíá méjèèjì, ó wé wọn mọ́ ìbàdí lábẹ́ bùbá. Àdéhùn ni pé kí àsíá má hàn. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má sí nílé.

Wọ́n fi í jókòó lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn kúlà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ orin ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí páànù òrùlé ń bá a kọrin. Ẹran tóbi bí ẹran àgbà. Àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ jó, wọ́n ń fi ẹnu jẹ. Àga tí ó kọjú sí wọn ṣófo, nítorí Àǹtí Fàlílà tí ó yẹ kí ó wà lórí rẹ̀ wà lójú títì, ó ń júwe ibi òjìji tí wọn yóò gbé mọ́tò ọ̀gá sí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó níwájú, àwo ìrẹsì wà lórí itan rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà náà ni Baba Kérésì wọlé. Awakọ̀ Márúwá àdúgbò ni, wọ́n fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún un, wọ́n sì fi ìbòjú kan bò ó tí kò jọ ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ fún ènìyàn ní ẹ̀bùn. Ìṣọ̀lá rí i, ó figbe ta. Ìyá Onígàrí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dójú ti ìdílé lọ́jọ́ àlejò. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó mú àgbálùmọ̀ jáde, ó là á, ó yọ kóró kan, ó sì fi sí ọmọ náà lẹ́nu kí ó máa pọ́n ọn lá. Ọmọ náà dákẹ́. Ó ń pọ́n kóró lá, omijé ń gbẹ lójú rẹ̀.

Baba Kérésì rí i pé ọmọ náà ti dákẹ́. Ó rò pé àwọn ti di ọ̀rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìbòjú sún mọ́ ọn, ó sì bú ramúramù.

Ìṣọ̀lá la ẹnu, ó fa èémí sínú gidigidi láti fi ké. Igbe náà kò wá.

Láàárín gbogbo ariwo yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́ ohun tí kò dún. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ́tí sí ọkọ̀ ojú irin mọ ìgbà tí ó yẹ kí fèrè fọn tí kò fọn. Baba Géètì dìde láàárín kúlà. Ó rí ẹnu ọmọ tí ó là sílẹ̀, tí ohùn kò jáde. Ó rí ọwọ́ kékeré tí ó ń wá ọrùn. Ó rí ètè tí ó ń dúdú.

Àwọn mìíràn náà ti rí i báyìí, wọ́n sì ya bò ó. Ìyá Onígàrí ń lu ọmọ lórí pẹ́pẹ́, ó ń pè é lórúkọ. "Omi! Ẹ bu omi wá!" Obìnrin kan sáré dé pẹ̀lú òkèlè ẹ̀bà, ó ní kí wọ́n la ẹnu ọmọ, òkèlè yóò tì í lọ. Ẹlòmíràn ti na ìka. Kálukú ń fa ọmọ síhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ orin gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti là wọ́n kọjá, èjìká wọn kò jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wà ní òdìkejì, òun náà kò rí ọ̀nà.

Ó gun orí kúlà. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá. Ó fa àsíá pupa yọ, ó sì gbé e sókè.

Gbogbo ọmọ jókòó.

Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, lórí ẹní, lórí ilẹ̀, lórí ẹsẹ̀ àlejò. Ṣíbí wálẹ̀. Ọwọ́ bọ́ sórí itan. Ẹlẹ́rọ orin rí ọmọ tirẹ̀ láàárín wọn, ẹni tí ó ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ àsíá nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì pa ẹ̀rọ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Baba Kérésì dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Òkèlè ẹ̀bà dúró lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ ti ki ẹran bọ ẹnu, kò jẹ ẹ́, kò tu ú.

Ìyá Onígàrí gbé ojú sókè. Ó rí àsíá pupa. Obìnrin tí kò dúró fún ọkọ̀ ojú irin rí, dúró. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì jọ̀wọ́ ọmọ náà.

Baba Géètì ti ń bọ̀ láàárín wọn, ọ̀nà sì là fún un. Ó ti àsíá bọ inú ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò. Ó kúnlẹ̀, ó dojú ọmọ náà délẹ̀ lórí itan, orí rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó gbá a lẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan. Ó gbá a. Kò sí nǹkan kan. Ìrọ̀rí kò gbóná báyìí rí, ìrọ̀rí kò sì ní ìyá àgbà tí ó dúró tì í. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di orí ọmọ náà mú.

"Ẹ gbá a sí i, Baba Géètì," ni ó wí. "Ẹ gbá a bí ẹ ṣe ń gbá ìrọ̀rí."

Ó gbá a.

Kóró àgbálùmọ̀ fò jáde, ó ń dán, ó gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá láàárín gbogbo ènìyàn, ó sì bà sínú àwo ìrẹsì ọ̀gá.

Kò sí ẹni tí ó mí. Lẹ́yìn náà, Ìṣọ̀lá mí. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ké. Igbe tí ó ti jẹ ní gbèsè láti ìgbà ìbòjú, ó san gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sí fèrè ọkọ̀ ojú irin kan tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìyá ń sunkún, Baba Kérésì ń sunkún nínú ìbòjú, òwú rẹ̀ ti rin.

Àwọn ọmọ kò mira. Baba Géètì wo inú ẹnu Ìṣọ̀lá, ó gbọ́ èémí rẹ̀ dáadáa, ó gbé e fún ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò síbẹ̀síbẹ̀. Ìgbà náà ni ó rántí àwọn ọmọ. Ó yọ àsíá aláwọ̀ ewé, ó gbé e sókè. Ṣíbí gbéra. Ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ jẹ ẹran rẹ̀ dáadáa, ó sì mì í.

Nígbà tí ó nu ẹnu tán, ó yọ kóró kúrò nínú ìrẹsì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ìyá, ta ló kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

Ìyàwó Baba Géètì wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Rélùwéè ni, sà."

Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé àṣẹ lórí ìdúró. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi àsíá pamọ́ mọ́ nítorí òun.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, Baba Géètì wà nínú palọ̀, ó ń bó ọsàn fún àwọn ọmọ, ó ń yọ kóró rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ìyá Onígàrí dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìṣọ̀lá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò wọlé. Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ rọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìyá Onígàrí, ẹ wọlé. Kí lẹ dúró sí?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n.

"Àsíá dà?"

Ọkùnrin náà sọ ọsàn kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ mú àsíá aláwọ̀ ewé, ó dúró ṣánṣán bí ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbé e sókè. Ìyá Onígàrí sì kọjá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú rẹ, ìwọ tí wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́, ìbáà ṣe tìrẹ, ìbáà ṣe ti ẹlòmíràn. Géètì kan wà lọ́fun ọmọ náà, ọmọ náà kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí ń ṣọ́ géètì. Ìwọ ni wọ́n gbà síṣẹ́. Jẹ́ kí ó jókòó kí ó tó jẹun. Gé e kékeré. Má fi ẹ̀rín tàbí ẹkún pàdé oúnjẹ lọ́fun rẹ̀. Jókòó kọjú sí i, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé o kò ṣe nǹkan mìíràn. Lọ kọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ yóò ṣe, kí o kọ́ ọ lára ìrọ̀rí nígbà tí ara tù ọ́, nítorí ọjọ́ tí ìwọ yóò lò ó, kò ní sí àyè láti bèèrè. Ọjọ́ tí àlejò bá sì pọ̀, tí orin ń dún, tí wọ́n ní kí o fi òfin sílẹ̀ lónìí nìkan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o di àsíá mọ́ ìbàdí.

Bí o bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, kò ní sí ohunkóhun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ á jẹun, á yó, á sì ba aṣọ rẹ jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, nítorí kò sí ohun tí wọ́n rí. Ìyẹn ni aago ògiri tìrẹ. Gbà á, kí o gbé e kọ́.